Ọwọ́ Lára Bàbà

"Má gbé ọwọ́ kúrò!" ni Àbúrò ké. "Mo ní kí o má gbé e kúrò!"

Alángbá ti gbé e kúrò. Iná aláwọ̀ ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà lójú àpótí kékeré ìdí òpó kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ àtùpà pa. Ó wá ku ẹyọ pupa kan ṣoṣo, tí ó ń ṣẹ́jú.

"Imú ló ń yún mi, Anti Àbúrò," ni Alángbá wí láti orí àkàbà. "Ṣé kí n má họ imú ni?"

"Dá ọwọ́ padà síbẹ̀."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí etí pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n so mọ́ òpó irin náà, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tàn. Ó gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n kú. Ó dá a padà, wọ́n tàn. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pé ẹni ogójì ọdún, ó ti bí ọmọ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ sì ti máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé ibi gbogbo; síbẹ̀ kò sí ògiri tàbí òpó tí kò lè gùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alángbá.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ẹ máa gbé oúnjẹ gòkè wá fún mi. Ẹ kàn sọ fún ìyàwó mi pé mo ti di áńtẹ́nà."

Àbúrò kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

Lábẹ́ òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n dúró lé, nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógójì ni yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́wàá. Orí ayélujára ni ìdánwò wọn wà. Aago mẹ́wàá géérégé ni ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí; ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ni yóò tì, ẹni tí kò bá sì wọlé, ó di ọdún tí ń bọ̀. Ìjì ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni ó já áńtẹ́nà àtijọ́ bọ́ láti orí òpó, tí ó sì là á sí méjì. Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni ó so ó síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé tuntun yóò ti wà lókè kí ìdánwò ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ni ó sọ ọ́ ní Àbúrò. Gbogbo ilé-iṣẹ́ gba orúkọ náà mọ́ ọn lẹ́nu, títí kan àwọn tí ó lè bí lọ́mọ, nítorí náà, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, Àbúrò ni í ṣe fún gbogbo ayé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n, tí ó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, ni ó tọ́ ọ dàgbà. Òun náà ni ó kọ́ ọ níṣẹ́.

Áńtẹ́nà tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe irin gogoro tí a máa ń rí lórí òrùlé ilé. Pátákó pẹlẹbẹ ni, tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Bàbà tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti etí dé etí. Níwájú, bàbà mìíràn wà láàárín, onígun mẹ́rin, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Èyí tí ó kéré yìí ni etí tí ń gbọ́ àti ẹnu tí ń sọ. Gígùn rẹ̀ ni ó ń pinnu ìgbì tí yóò dá lóhùn. Bí ó bá gùn jù, ìgbì ìsàlẹ̀ ni yóò máa gbọ́. Bí ó bá kúrú jù, ti òkè. Ààyè àṣìṣe tí ó ní kò sì tó nǹkan. Gé e ní mìlímítà kan ju bí ó ti yẹ lọ, yóò di adití sí ẹni tí ń pè é, yóò wá máa tẹ́tí sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Àbúrò ni ó ṣe ìṣirò ti èyí, òun ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ó gbé àwòrán náà sára bàbà, tí ó sì fi ẹ̀rọ tí ń sọ ìgbì tí áńtẹ́nà ń dá lóhùn wọ̀n ọ́n. Òun nìkan ni ó wà nílé-iṣẹ́ lánàá. Ó ti rán Àbúrò àti Alángbá lọ gbé irin òpó.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yọ orí láti ẹnu ihò òrùlé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì ní ìwà kan tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ dáadáa: bí inú bá ṣe ń bí i tó ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tó.

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wá?"

"Ó ń bọ̀, mà."

"Ó ń bọ̀. Àti àná ló ti ń bọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?"

Alángbá rẹ́rìn-ín lórí àkàbà, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́.

"Àwọn ọmọ ti ń dé," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀rù ti mú kí ọ̀kan máa bì nínú ilé ìwẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ ní kí wọ́n mu omi, kí wọ́n jókòó. Ó máa wá, mà."

"Mo gbọ́." Ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan. "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yín."

Nígbà tí orí rẹ̀ wọlẹ̀ tán, Àbúrò pe Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó ti gbéra?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n mi. Tí Alángbá bá fọwọ́ kàn án, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá fi í sílẹ̀, ó kú."

"Wáyà nìyẹn. Ẹnu ẹ̀ ò wọlé dáadáa, bó ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń tì í wọlé. Pààrọ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lánàá…"

"Mo wọ̀n ọ́n. Ibi tó yẹ kó bọ́ sí gan-an ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó o ti bèèrè, jẹ́ kí n wí i. Àwòrán tó o yà gùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ìsàlẹ̀ ló ń gbọ́. Èmi ni mo fi abẹ gé e kó tó dáa. Mi ò fẹ́ kó dà ọ́ láàmú ni mi ò ṣe sọ."

Etí Àbúrò gbóná.

"Ó gùn?"

"Ó gùn. Kò sẹ́ni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Pààrọ̀ wáyà, kíá."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àbúrò ti ṣe ìṣirò náà. Ó dúró pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin ní ọkàn rẹ̀, ibi kan náà ni ó sì já sí. Síbẹ̀, ta ni yóò dojú kọ ọwọ́ tí ó kọ́ ọ ní ení, èjì, tí yóò wí fún un pé kò mọ kíkà? Ó fi fóònù sápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wáyà.

Wáyà tuntun kò yí nǹkan kan padà. Pupa ń ṣẹ́jú. Bóyá Alángbá kò dojú rẹ̀ kọ ibi tí ó yẹ: òpó tí ó yẹ kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ wà lórí òkè kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi ńlá, àfonífojì sì wà láàárín. Alángbá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e sókè díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Pupa. Bóyá pátákó náà dùbúlẹ̀ nígbà tí áńtẹ́nà òkè kejì wà lóòró. Wọ́n tú u, wọ́n dá a dúró. Pupa. Wọ́n dá a padà sí bí ó ti wà. Aago mẹ́sàn-án lù nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, Àbúrò sì gbọ́ ìró àwọn àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ìkan tẹ̀lé ìkan, bí àwọn ọmọ ti ń jókòó.

Òógùn ti mú kí ẹ̀wù Alángbá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Kò fi nǹkan kan ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Anti," ni ó wí, "ẹ má bínú o. Èmi ò lọ sílé-ìwé yín yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ wáyà ló bàjẹ́, kí ló dé tí mi ò fọwọ́ kan wáyà rárá, tí iná sì ń tàn?"

Àbúrò gbójú sókè wò ó.

"Wò ó," ni Alángbá wí. Kò fi ọwọ́ kan pátákó náà pàápàá. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ súnmọ́ etí rẹ̀, láìkàn án, bí ẹni tí ń yáná. Iná aláwọ̀ ewé kan tàn, lẹ́yìn náà èkejì.

Nígbà náà ni ìlà pupa wá sí Àbúrò lọ́kàn.

Ìlà náà wà ní ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ wọn, ní ìwọ̀n apá méjì sí tábìlì ìwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ni ó fi ọ̀dà kùn ún, ní ọdún tí Àbúrò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń tún un kùn bí ó bá ti ń parẹ́. Òfin àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ níbẹ̀ nìyẹn: gbé áńtẹ́nà lé orí fóòmù funfun, so wáyà mọ́ ọn, kí o wá padà sẹ́yìn ìlà pupa kí o tó ka ohun tí ẹ̀rọ wí. "Omi àti iyọ̀ ni ara rẹ," ni Ẹ̀gbọ́n máa ń wí fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́. "Tó o bá dúró tì í, ó ti ka ìwọ náà mọ́ ara ẹ̀. Ọwọ́ rẹ á sọ ọ́ di ohun tó gùn ju bó ṣe gùn lọ. Ìgbà tó o bá wá fi í sílẹ̀ lórí òpó, ṣé wàá gé ọwọ́ rẹ mọ́ ọn ni?" Wọn a rẹ́rìn-ín. Ó ti na Àbúrò ní rúlà lórí òfin náà nígbà kan, ní iwájú ènìyàn mẹ́fà.

Ohun tí ó gùn ju bí ó ṣe gùn lọ.

"Tú u wálẹ̀," ni Àbúrò wí.

"Ṣé Ẹ̀gbọ́n ní ká tú u?"

"Alángbá, tú u wálẹ̀."

Ó jókòó lórí òrùlé, ó gbé áńtẹ́nà lé itan, ó sì tú sukurúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó di ìdérí rẹ̀ mú. Oòrùn òwúrọ̀ bọ́ sára bàbà. Tuntun ni, ó ń dán bí ojú omi, àfi ní ibì kan ṣoṣo létí ìsàlẹ̀, níbi tí òógùn ọwọ́ ti sọ ọ́ di dúdú láàárín òru kan. Àmì àtàǹpàkò ni. Ìlà rẹ̀ hàn ketekete, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyọ kan: wọ́n gorí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, mẹ́rin tàbí márùn-ún, bí ẹni pé àtàǹpàkò náà kò lè dúró sójú kan.

Àbúrò wò ó pẹ́.

Ó rántí ife tíì tí Ẹ̀gbọ́n ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé láti bí oṣù mélòó kan. Ó rántí pé Ẹ̀gbọ́n kì í buwọ́ lùwé níṣojú ènìyàn mọ́; ó máa ń ní kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀, òun yóò buwọ́ lù ú bí ó bá ráyè. Ó rántí irin òpó àná, tí Alángbá nìkan ì bá lọ gbé. Ó rò ó bí ó ti rí: ọwọ́ tí ń gbọ̀n ń so wáyà mọ́ pátákó, pátákó ń yọ̀ lórí fóòmù, ọwọ́ kejì dì í mú kí ó má baà yọ̀, ojú sì wà lára ẹ̀rọ. Kò sí ẹnì kan nínú ilé tí yóò wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà pupa o." Ẹ̀rọ ka bàbà, ó ka ọwọ́ mọ́ ọn, ó ní ó gùn. Ẹ̀gbọ́n sì gbé abẹ.

Ó fa rúlà yọ nínú àpò iṣẹ́. Bàbà náà gùn ní mìlímítà méjìdínlọ́gbọ̀n. Ní etí òkè, ojú abẹ hàn, àti ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó funfun ju ìyókù pátákó lọ, níbi tí wọ́n ti ká bàbà kúrò. Mìlímítà kan. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó kọ sórí àwòrán rẹ̀.

Fóònù dún.

"Ṣé wáyà náà ti bọ́ sí i?" ni Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"A ti pààrọ̀ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò yí padà."

"Kò lè yí padà bẹ́ẹ̀. Gbé e wálé, kí n tún un wò."

Láti ibẹ̀ dé ilé-iṣẹ́, ogójì ìṣẹ́jú ni bí ọ̀nà bá dá. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu Àbúrò wúwo bí òkúta. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ó ti lè ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ dúró sí lánàá, nígbà tẹ́ ẹ ń ka ẹ̀rọ?"

Ìró kan ṣoṣo ni ó ń ti inú fóònù jáde, kékeré, tí kò dúró: tanganran lórí tanganran, ife tí ń lu àwo rẹ̀.

"Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn," ni Ẹ̀gbọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Màá pè ọ́."

Ó ti pa fóònù. Kò sí ẹni tí ń kanlẹ̀kùn. Nínú gbogbo ayé rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n kò pa fóònù mọ́ Àbúrò létí rí.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Alángbá bèèrè.

Ọ̀nà méjì ni ó wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni àwòrán òun gùn, tí ó sì tún fi bàbà kún un, ọ̀rọ̀ náà yóò burú sí i, kò sì sí ààyè láti tú u wò lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbì tí àwọn aláṣẹ fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Wọn kò lè wá òmíràn lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni ó tọ̀nà, a jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n ni ó ṣì í. Kò mọ èyí tí ó bà á lẹ́rù jù nínú méjèèjì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ni ohun tí à ń ṣe bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ àgbàlagbà tí ó ń bá ọmọdé mú nǹkan lórí pẹpẹ ni kò tó o mọ́.

"Fún mi ní téèpù bàbà," ni ó wí. "Tan irin tí a fi ń yọ́ òjé."

Ó gé téèpù náà ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi abẹ rẹ́ etí rẹ̀ títí ó fi bá ojú àpá funfun náà dọ́gba, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí bàbà àkọ́kọ́ ti kúrò. Ó fi òjé kán án ní ojú mẹ́ta, kí tuntun àti àtijọ́ lè di ara kan. Lẹ́yìn náà ni ó fi aṣọ nu bàbà. Nígbà tí ó dé ibi àmì àtàǹpàkò, ó dáwọ́ dúró, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èwo lẹ tún ń tú palẹ̀ yìí?"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti gòkè wá, ó dúró lé wọn lórí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé ènìyàn ní láti tẹ́tí kí ó tó gbọ́. "Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló kù. Ta ló ṣe nǹkan yìí tó fi rí báyìí?"

"Èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀, mà," ni Àbúrò wí.

Òótọ́ ni. Alángbá wo ojú rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀.

"Tí kò bá wá," ni obìnrin náà wí, "ẹ̀yin lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn sọ ọ́. Mi ò ní í bá yín sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́, mà."

Ó dì í padà. Alángbá gùn ún lọ, ó so ó mọ́ òpó, ó dojú rẹ̀ kọ táǹkì omi òkè kejì, ó sì mú gbogbo ìdè le. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Iná àpótí ń ṣẹ́jú pupa. Ọwọ́ tí ó wà lára rẹ̀ kò mú iná aláwọ̀ ewé kankan tàn mọ́.

"Anti, kò tàn. Mo di í mú o, kò tàn!"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mí kanlẹ̀. Àmọ́ inú Àbúrò fò sókè, nítorí bí ó bá tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí: ọwọ́ náà tún ti sọ ọ́ di ohun tí ó gùn jù.

"Gbé ọwọ́ kúrò," ni ó wí.

"Ẹ ní kí n…"

"Gbé e kúrò. Sọ̀ kalẹ̀. Jìnnà sí i."

Alángbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni tí ọlọ́ṣà ká mọ́ ojú ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ nìkan wá àtẹ̀gùn àkàbà lọ sísàlẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún sẹ́yìn. Àbúrò kò mọ̀ pé òun ń ka ìṣísẹ̀ títí tí ó fi dúró ní ìwọ̀n apá méjì.

Pupa ṣẹ́jú. Àpótí náà a máa wá ẹnìkejì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó rí i. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Pupa ṣẹ́jú. Ní ìsàlẹ̀, ẹnì kan ń ka orúkọ, àwọn ọmọ sì ń jẹ́ "mà" lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iná aláwọ̀ ewé kan tàn. Èkejì. Wọ́n dúró pẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tí ń rò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin tàn papọ̀, wọn kò sì kú mọ́.

Alángbá ṣì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ sọ fún un kó gbé ọwọ́ sílẹ̀," ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti padà sókè sí ti ènìyàn. Ó yíjú, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ láìdúpẹ́. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje, akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógójì ti wọlé, títí kan èyí tí ó ń bì.

Ẹ̀gbọ́n kò pe fóònù padà.

Aago kan ti kọjá nígbà tí Àbúrò dé ilé-iṣẹ́. Ó ní kí Alángbá dúró ti ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ, tí ó sì ń dà á nù: wáyà ni, Ẹ̀gbọ́n mi, ìdérí ni, oòrùn ni. Irọ́ mẹ́ta ni ó gbé dé ẹnu ọ̀nà, ó sì mú ọ̀kan lára wọn tí ó rọrùn jù. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Òórùn omi tí ń jẹ bàbà, èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ àwòrán sára pátákó, gba inú yàrá. Ó ti ta sílẹ̀: àmì rẹ̀ pọ́n lára tábìlì, ó pọ́n nílẹ̀ ní kíkán-kíkán, ó sì pọ́n lára ìró Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò jẹ́ kí ó ta sí aṣọ rẹ̀ rí fún ọgbọ̀n ọdún. Lórí fóòmù funfun, pátákó tuntun kan dá wà, wáyà ẹ̀rọ sì ti wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí àga onígi. Ó ti gbé àga náà lọ sẹ́yìn ìlà pupa. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, ní gbangba. Kò fi ìkan bo èkejì, kò sì fi aṣọ bò wọ́n. Wọ́n ń gbọ̀n.

"Ṣé wọ́n ti wọlé?" ni ó bèèrè.

"Gbogbo wọn, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Ó nawọ́ sí tábìlì náà, ọwọ́ náà sì ń jó lójú afẹ́fẹ́ kí ó tó padà sí itan. "Àwòrán rẹ ni mo fi ṣe é. Mi ò gé nǹkan kan kúrò. Láti ìgbà tí mo ti so wáyà mọ́ ọn, mi ò dé ibẹ̀ mọ́. Ojú mi ò ká a láti ibí. Bá mi kà á."

Irọ́ tí Àbúrò gbé wá yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rìn lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìlà pupa, ó sì wo ojú ẹ̀rọ. Ìlà tí ń tàn níbẹ̀ ń bọ̀ láti apá òsì, ó tẹ́ rẹrẹ, lẹ́yìn náà ni ó jìn sílẹ̀ lójijì bí kànga. Ó ka nọ́ńbà ìdí kànga náà. Ìgbì ilé-ẹ̀kọ́ náà ni, kò fi bíńtín yàtọ̀.

"Tún un kà," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ó tún un kà.

"Kò gùn," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ìgbà tí ó wí i lẹ́ẹ̀kejì, ó dà bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kò gùn rárá."

Ọwọ́ rẹ̀ gbéra láti itan, ó ń lọ sí èjìká Àbúrò, bí ó ti ń ṣe láti ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn nígbà tí iṣẹ́ bá dára. Ó dé ààbọ̀ ọ̀nà, ó rí ara rẹ̀ bí ó ti ń gbọ̀n, ó sì ń padà.

Àbúrò mú un. Ó gbóná, ó fúyẹ́ ju bí ó ti rò lọ, kò sì dákẹ́ nínú tirẹ̀. Ìgbọ̀n náà gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gòkè dé ìgúnpá. Kò fún un mọ́ra kí ó lè dúró. Ó gbójú sókè, ó wo iwájú ìlà pupa, ibi tí pátákó wà lórí fóòmù rẹ̀.

Ìlà ojú ẹ̀rọ kò mira. Níbi tí wọ́n wà yìí, kò sí nǹkan kan tí ọwọ́ náà lè bà jẹ́.